Ẹ Má Jẹ́ Kí Ìtàn Àwọn Tó Lọ sí Bọ́mà Parẹ́

Ojoojúmọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọjá níwájú bárékè Letmauk ní Mọ́kọ́lá, nínú ìlú Ìbàdàn. Ní Èkó pẹ̀lú, bákan náà ni wọ́n ń kọjá níwájú bárékè Arakan ní Àpápá, bárékè Myoung ní Yábàá, àti bárékè Abalti ní Sùúrùlérè. Awakọ̀ ń fi orúkọ wọ̀nyí júwe ọ̀nà. Oníṣòwò ń fi júwe ìsọ̀ rẹ̀. Ọmọ ilé-ìwé sì ń kà á lára pátákó. Ṣùgbọ́n bí a bá dá wọn dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, tí a sì bi wọ́n léèrè pé èdè wo nìyí, àti pé kí ni ó gbé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá, a kò rò pé àwọn tí yóò lè dáhùn yóò pọ̀.

Orúkọ ojú ogun ni gbogbo wọn. Letmauk, Arakan àti Myohaung, tí ahọ́n wa sọ di Myoung, wà ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí. Abalti wà ní ilẹ̀ Etiópíà. Àwọn ọmọ wa jà níbẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní Ogun Hítílà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1939 tí ó sì parí ní 1945. Wọ́n sin àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn sí ilẹ̀ wọ̀nyẹn. Lẹ́yìn ogun ni a fi orúkọ ibẹ̀ sọ ibùgbé àwọn ọmọ ogun, kí a má baà gbàgbé. Orúkọ ṣì wà. Ìtàn tí orúkọ náà rù ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu wa.

Ohun tí ó mú wa kọ ọ̀rọ̀ òní nìyí. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí ìbọn ti dákẹ́. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìdínlógún nígbà tí ogun náà parí ti ń sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún, bí ó bá ṣì wà láàyè. Àwọn tí ó kù kò tó nǹkan. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ti sùn. Ọwọ́ àwọn ọmọ wọn, tí àwọn pàápàá ti di àgbà, àti ọwọ́ àwọn ọmọ-ọmọ wọn ni ìtàn náà kù sí. Èrò wa ni pé ìrántí àwọn ọkùnrin wọ̀nyí, bí wọ́n ti fi ẹnu ara wọn sọ ọ́, jẹ́ ogún fún gbogbo wa, kì í ṣe fún ìdílé wọn nìkan. Àti pé bí a kò bá kó o jọ ní ìran tiwa yìí, kò sí ìran mìíràn tí yóò rí i kó.

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí bí ọ̀ràn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ṣàkóso Nàìjíríà nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 1939. Wọ́n wá ọmọ ogun káàkiri. Àwọn kan fi ara wọn sílẹ̀ nítorí owó oṣù. Àwọn kan tẹ̀lé ọ̀rẹ́. Àwọn kan fẹ́ rí ayé. Àwọn kan sì wà tí àwọn olóyè fà kalẹ̀ láìbi wọ́n bóyá ó wù wọ́n. Ṣáájú ìgbà náà, Òkè Ọya ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà ti ń wá, èdè Hausa ni a sì fi ń pàṣẹ fún wọn. Ṣùgbọ́n ogun ti ayé tuntun ń fẹ́ akọ̀wé, ó ń fẹ́ awakọ̀, ó ń fẹ́ olùtọ́jú aláìsàn àti ẹni tí ó lè fi wáyà ránṣẹ́. Nítorí náà ni wọ́n fi yíjú sí ìhà gúúsù, níbi tí àwọn ọmọ tí ó ti ka Ìwé Kẹfà gbé pọ̀. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ṣe wọ aṣọ ogun.

Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n kọ́kọ́ rán àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà lọ. Ní oṣù kejì 1941 ni wọ́n wọ Mogadishu, olú-ìlú Sòmálíà tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti la ilẹ̀ gbígbẹ kọjá wọ Etiópíà, tí wọ́n jà gba àárín òkè Marda kọjá, tí wọ́n sì wọ ìlú Harar ní oṣù kẹta ọdún náà. Ìrìn wọn yá tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀tá kò fi rí àyè simi.

Èyí tí ó le jù ṣì ń bẹ níwájú. Ní 1943 ni a dá Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, tí ó kó àwọn ọmọ Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáḿbíà pọ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Íńdíà, láti Íńdíà wọ́n sì kọjá sí Bọ́mà láti bá àwọn ọmọ ogun Jàpáànì jà. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó sìn ní apá ayé yẹn tó bí 90,000. Ní àfonífojì odò Kaladan, ní agbègbè Arakan, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Òkè ń gun orí òkè, ọparun sì dí bí ògiri. Ìbọn, ọta, oúnjẹ, oògùn, ohun gbogbo tí ogun ń fẹ́, orí ènìyàn ni a fi ń rù ú. Aláàárù wọn kò kéré sí ajagun. Àmì tí àwọn Dífíṣọ̀n 82 ń lẹ̀ mọ́ apá aṣọ wọn pàápàá, ọ̀kọ̀ méjì tí ó dábùú ara wọn nínú òṣùká ni. Ọkọ̀ òfúrufú ni ó ń ju ohun jíjẹ sílẹ̀ fún wọn láàárín igbó. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, tí awakọ̀ òfúrufú kò rí ilẹ̀, wọn a fi ebi sùn. Òjò Bọ́mà kì í rọ̀ kí ó dá ní wákàtí kan. Eṣúṣú ń mu ẹ̀jẹ̀ wọn, ibà sì ń gbọ̀n wọ́n lórí ìdúró.

Apá kan nínú wọn, bìrìgéèdì kẹta tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ Nàìjíríà, ni a yà sọ́tọ̀ fún àwọn Chindit, ẹgbẹ́ ogun tí Ọ̀gágun Wingate dá sílẹ̀. Ní 1944 ni a fi ọkọ̀ òfúrufú gbé wọn kọjá lórí àwọn Jàpáànì, tí a sì sọ wọ́n kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀tá. Wọ́n wà lára àwọn tí ó di ibùdó kan mú tí a ń pè ní White City, èyí ni Ìlú Funfun, nítorí àwọn párásúùtì funfun tí a fi ń ju ẹrù sílẹ̀, tí wọ́n há sórí igi káàkiri ibẹ̀. Òru lẹ́yìn òru ni ọ̀tá ń rọ́ lu ibùdó náà. Ní oṣù kìíní 1945, Dífíṣọ̀n 81 àti Dífíṣọ̀n 82 parapọ̀ gba Myohaung. Ìyẹn ni orúkọ tí ó wà lára pátákó ní Yábàá.

Ìtàn ogun yìí kò ṣàìní ìwé. Ọ̀gágun Slim, tí ó jẹ́ olórí Ẹgbẹ́ Ogun Kẹrìnlá, kọ tirẹ̀ ní 1956. Charles Carfrae, òyìnbó tí ó ṣe ọ̀gá fún àwọn ọmọ Nàìjíríà láàárín àwọn Chindit, kọ tirẹ̀ ní 1985. John Hamilton, tí òun náà bá Dífíṣọ̀n 81 sìn, kọ tirẹ̀ ní 2001. A kò fi ọwọ́ rọ́ iṣẹ́ wọn sẹ́yìn. Àìsí wọn, òkùnkùn wa ì bá ṣú ju báyìí lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń pàṣẹ ogun àti ẹni tí ó ru àpótí ọta gun òkè, kì í ṣe ohun kan náà ni ojú wọn rí. Ìwé ọ̀gá a máa sọ iye ọmọ ogun tí ó kọjú sí òkè kan, a sì máa sọ iye tí ó padà. Kì í sọ ohun tí ọmọ Ọ̀wọ̀ tàbí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń rò nígbà tí ó dùbúlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ lóru, tí ó ń gbọ́ ohùn ọ̀tá ní ìwọ̀n ibi tí òkò lè dé.

Ìdí nìyí tí ìwé tí ọmọ Yorùbá kan kọ fi ṣe iyebíye. Isaac Fadoyebo ni orúkọ rẹ̀. Èmùré-Ilé, lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ni a ti bí i ní 1925. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ó jẹ́ nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ogun ní 1942. A fi í sí ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta 1944, ní etí odò Kaladan, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì ba dè wọ́n, wọ́n sì da ìbọn bò wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú lójú kan náà. Ọta fọ́ egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, òmíràn sì bà á ní ikùn. Kò lè dìde. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó yè sì ti fọ́nká.

Òun àti David Kargbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró tí òun náà fara gbọgbẹ́, ni ó wà láàyè nínú igbó náà. Àwọn ará abúlé ń yọ́ wá gbé oúnjẹ àti omi fún wọn. Níkẹyìn, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, mú wọn wọ ilé ara rẹ̀, ó sì fi wọ́n pamọ́ sáàárín ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Bí àwọn Jàpáànì bá mọ̀, ẹ̀mí gbogbo ìdílé náà ni ì bá lọ sí i. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn méjèèjì fi wà lẹ́yìn ọ̀tá, títí di oṣù kejìlá 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ìhà tiwọn padà dé àfonífojì náà tí wọ́n sì gbà wọ́n. Isaac padà sí Nàìjíríà, ó ń tiro, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí sílẹ̀. Ní 1999, ọdún márùndínlọ́gọ́ta lẹ́yìn tí ọta bà á, Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà tẹ ìwé náà jáde. Ní 2011, akọ̀ròyìn òyìnbó kan, Barnaby Phillips, mú lẹ́tà rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó wá àwọn ọmọ Shuyiman kàn, ó sì fi ìdúpẹ́ bàbá náà jẹ́ wọn. Isaac Fadoyebo kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ohun tí à bá pàdánù bí ọkùnrin yìí bá ti pa ẹnu mọ́. Kò sí ọ̀gá ogun tí ó wà nínú ilé àgbẹ̀ náà. Kò sí ìwé ìjọba tí ó lè sọ bí ìyàwó ilé náà ti ń bu oúnjẹ tí kò tó àwọn ọmọ rẹ̀ fún àlejò tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Kristẹni ni ọmọ Èmùré-Ilé. Mùsùlùmí ni ẹni tí ó gbà á là. Àwọ̀ wọn kò jọ, ìlú wọn kò pàdé, kò sì sí àdéhùn kankan láàárín wọn ju pé ènìyàn ni àwọn méjèèjì. Láti oṣù kẹjọ 2017, ó lé ní 700,000 Mùsùlùmí Rohingya tí ó sá kúrò ní agbègbè yìí kan náà, tí à ń pè ní ìpínlẹ̀ Rakhine báyìí, lọ sí ilẹ̀ Bangladesh, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Myanmar ń dáná sun abúlé wọn. Bí ọ̀rọ̀ ará ọ̀nà jíjìn ni ìròyìn náà ṣe kọjá létí wa. Bí a bá ti mọ ìtàn àwọn baba wa ni, à bá mọ̀ pé àwọn ará agbègbè yẹn ti ṣe wá lóore rí. Oore kì í gbé. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ pé a ṣe òun lóore, báwo ni yóò ti san án?

Ẹnìkan lè bi wá pé, kí ló dé tí àwọn baba yòókù kò fi sọ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí ẹni bi wọ́n ni. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ará ilé pa ẹran, wọ́n jó, wọ́n dúpẹ́ pé ẹni tí ó lọ ti bọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wọn. Ẹni tí ó ti bá ọkùnrin mìíràn pàdé lójúkojú nínú ọparun, tí ọ̀kan nínú wọn kò sì dìde mọ́, báwo ni yóò ti ròyìn rẹ̀ nídìí ayò? Bí ó bá ta jí lóru, a ní àlá ni. Bí inú bá bí i sódì, a ní ìwà sójà ni. Owó tí a fi dá wọn sílẹ̀ kò pẹ́ tán. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn ń retí kò sì sí. Wọ́n tún rántí pé òyìnbó tí ó wà ní ipò kan náà pẹ̀lú àwọn ń gba owó tí ó ju tiwọn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọta kì í wo àwọ̀ kí ó tó ba ènìyàn. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, bí a kò bá fi sùúrù bi í, dídákẹ́ ni yóò dákẹ́.

Àwa tí ọ̀rọ̀ òṣèlú jẹ lógún ní ìdí tiwa láti gbọ́ ìtàn yìí, ṣùgbọ́n kí a gbọ́ ọ bí ó ti rí. Ní oṣù kẹjọ 1941, Churchill àti Roosevelt gbé ìwé Àtìláńtíìkì jáde, èyí tí ó sọ pé gbogbo ènìyàn ni ó ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí ó wù wọ́n. Ní oṣù náà gan-an, Attlee, tí òun àti Churchill jọ wà nínú ìjọba, sọ fún ẹgbẹ́ WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ wà lára àwọn tí ó dá a sílẹ̀ ní 1925, pé ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ẹ̀yà ènìyàn. Ní oṣù kẹsàn-án, Churchill sọ ní ilé aṣòfin pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà lábẹ́ àjàgà Násì ni àwọn ní lọ́kàn. Ẹnu méjì ni a fi ń sọ̀rọ̀ nípa òmìnira tí a ní kí àwọn ọmọ wa lọ jà fún.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kejì 1948, ní ìlú Accra, àwọn tí ó ti ojú ogun bọ̀ ń rìn lọ sọ́dọ̀ Gómìnà láti gbé ẹ̀bẹ̀ wọn síwájú rẹ̀. Wọn kò gbé ìbọn dání. Ọ̀gá ọlọ́pàá òyìnbó yìnbọn lù wọ́n, mẹ́ta sì kú: Sájẹ́ńtì Adjetey, Kọ́pùrà Attipoe, àti Odartey Lamptey. Rògbòdìyàn tí ó tẹ̀lé e wà lára ohun tí ó mú òmìnira Gánà yá, èyí tí ó dé ní 1957. Ní Nàìjíríà, ọ̀ràn kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Àwọn kan nínú wọn wọ ẹgbẹ́ òṣèlú, àwọn kan wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni ó padà sí oko, sí ìsọ̀ àti sí ìdí ọkọ̀. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kankan má ṣe gba wọ́n sí ìwé ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ikú wọn. Bí olùfẹ́ ẹgbẹ́ kan bá ń sọ pé àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ òun nìkan ni ó já òmìnira gbà ní 1960, kí ó rántí pé àwọn kan ti wà ní Bọ́mà tí wọ́n rí i pé òyìnbó ń bẹ̀rù, ó ń ṣàárẹ̀, ó sì ń kú gẹ́gẹ́ bí gbogbo ọmọ ènìyàn. Ẹni tí ó ti rí ìyẹn kì í padà wálé bí ó ti lọ, bí kò tilẹ̀ gun orí pèpéle kankan láé.

Àwọn kan ń sọ pé ogun òyìnbó ni, kí ló wá kàn wá? Èsì wa ni pé bí ogun náà kì í tilẹ̀ ṣe tiwa, ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣàn jẹ́ tiwa. Ní Etiópíà pàápàá, a kò gbà pé ti òyìnbó nìkan ni. Àwọn ará Ítálì ti kógun ja ilẹ̀ ènìyàn dúdú yìí ní 1935. Àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó lé wọn jáde ní 1941. Síwájú sí i, rírántí kì í ṣe ìyìn. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí bí a ti kó àwọn ọmọ wa lọ, tí ó fẹ́ fi ẹ̀sùn kan àwọn tí ó kó wọn, níbo ni yóò ti rí ẹlẹ́rìí bí kò ṣe lẹ́nu àwọn tí a kó lọ?

Àwọn mìíràn, pàápàá àwọn ọ̀mọ̀wé, a máa sọ pé ìrántí arúgbó kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Arúgbó lè fi oṣù kan pe òmíràn. Ó lè fi ìtàn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kún tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àwọn ọ̀gá náà kò ṣàìní àṣìṣe, ìròyìn kò sì tó àfojúbà. Ohun tí ó yẹ ni pé kí a gbé ẹ̀rí ẹnìkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹlòmíràn, kí a sì fi ìwé àkọsílẹ̀ wádìí ọjọ́ àti ibi. Ohun tí kò yẹ ni pé kí a fi ọwọ́ ara wa dán ìtàn náà kí ó lè máa kọ mọ̀nà bí ìtàn akọni. Bí bàbá bá sọ pé ẹ̀rù ba òun, ẹ kọ ọ́ pé ẹ̀rù bà á. Bí ó bá sọ pé òun sunkún, tàbí pé òun sá, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Ìtìjú wà nínú irọ́ tí ẹni tí kò dé ojú ogun ń pa lórúkọ ẹni tí ó dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ni a fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lọ nínú ọ̀ràn yìí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé a yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ tí ó dá dúró ní àwọn ilé-ìwé wa láti sáà 2009 sí 2010, àti pé lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni ìjọba tó pàṣẹ pé kí a dá a padà. Àwọn ọmọ tí ó kàwé ní àárín ìgbà náà ti di òbí báyìí, wọn kò sì ní ohun tí wọn yóò sọ fún ọmọ wọn. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe dúró de ìwé tí yóò ti Àbújá wá. Kí ó rán àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ bi àwọn àgbà ilé wọn pé: ta ni ó lọ sí Ogun Hítílà nínú ẹbí wa? Ta ni ó mú un lọ, tàbí kí ni ó wù ú lọ? Kí ni ó sọ nígbà tí ó dé, kí sì ni ó kọ̀ láti sọ? Ta ni ó lọ tí kò padà? Ìdáhùn ọmọ ogójì, tí a kọ sínú ìwé kan, tí a fi orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́ sí i, ti di ìtàn ìlú kan.

Sí àwọn ìdílé, ọ̀rọ̀ wa kò gùn. Ẹ ṣí àpótí tí bàbá fi sílẹ̀ wò kí ikán tó jẹ ẹ́ tán. Ìwé tí a fi dá a sílẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ogun, àwòrán tí ó yà ní Íńdíà, lẹ́tà, ìràwọ̀ idẹ tí ó ní tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ lára, gbogbo rẹ̀ ni ó ní ohun tí ó ń wí. Ẹ má ṣe fi wọ́n fún alágbàtà nítorí owó ọbẹ̀. Ẹ ya àwòrán wọn, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan lọ sí ibi ìpamọ́ ìwé ìjọba àpapọ̀ tí ó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tàbí sí ilé ìkàwé tí ó bá sún mọ́ yín. Ẹ wo Biyi Bandele, òǹkọ̀wé tí ó kú ní 2022. Ọmọ ẹni tí ó ja ogun Bọ́mà ni. Ìtàn tí ó gbọ́ lẹ́nu baba rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó sún un kọ ìwé ìtàn-àròsọ rẹ̀, Burma Boy, tí ó jáde ní 2007. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni ó lè kọ ìwé tí ayé yóò kà, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ tí ó ní ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lónìí ni ó lè gba ohùn ìyá tàbí bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Sí àwọn tí a dìbò fún, a fẹ́ sọ pé òdòdó tí a ń gbé sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdọọdún, ní ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun, dára, ẹyẹlé tí a ń tú sílẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n òdòdó a máa rọ, ẹyẹlé a sì máa fò lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ ìtumọ̀ orúkọ bárékè kọ̀ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní èdè Yorùbá àti ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹni tí ó ń kọjá lè kà á. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó lọ sí ogun náà sílẹ̀, ní pàtàkì àwọn tí kò bọ̀. Ní Taukkyan, nítòsí Yangon ní ilẹ̀ Bọ́mà, òkúta ìrántí kan wà tí a kọ orúkọ ènìyàn tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27,000 sí, àwọn tí a kò mọ ibojì wọn. Àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà nínú wọn. Ó burú jọjọ kí orúkọ ọmọ wa wà lára òkúta ní ilẹ̀ àjèjì, kí ó má sì sí níbì kankan nínú ìlú tí a gbé bí i. Kí a má sì gbàgbé pé bí a bá ṣe ń ṣe sí àwọn sójà àná ni àwọn sójà òní fi ń mọ bí a ó ṣe ṣe sí wọn lọ́la. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìn tì bá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà iléeṣẹ́ ìjọba ní Àbújá nítorí owó ìfẹ̀yìntì wọn, bí a ti rí i léraléra, ẹ̀kọ́ tí a kò kọ́ lára àwọn ará Bọ́mà ni ó ń padà wá bá wa.

Àwọn baba wa sọ pé ọmọ tí kò bá bá ìtàn yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí dúró lórí pé ẹnìkan wà tí yóò rò ó fún ọmọ náà. Àwọn tí ó fojú rí i ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ṣì wà láàárín wa, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń retí ẹni tí yóò bi wọ́n. Ẹ lọ bi wọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ sì mú ìwé àti kálámù dání.